"Ewu Iná": Ẹjọ́ Láísẹ́ńsì Olùkọ́ Tí Judith Heumann Pè Ní New York Ní 1970

Nígbà tí Judith Heumann kú ní Washington ní ọjọ́ 4 oṣù kẹta ọdún 2023, ẹni ọdún 75 ni, oríkì tí wọ́n sì fi sin ín kò kéré. Àwọn kan pè é ní ìyá ìjà ẹ̀tọ́ àwọn àkàndá ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà. Àwọn mìíràn ka iṣẹ́ tó ṣe lábẹ́ ìjọba Clinton àti ti Obama, àti èyí tó ṣe ní Báńkì Àgbáyé. Ọ̀pọ̀ ló rántí ọdún 1977, nígbà tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wọ ilé ìjọba kan ní San Francisco, tí wọn kò sì jáde fún ohun tó lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Gbogbo rẹ̀ tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí èmi fi ọ̀ràn kan ṣoṣo bọ̀wọ̀ fún un, ẹjọ́ láísẹ́ńsì olùkọ́ ni màá mú. Ẹjọ́ kékeré ni, kò pẹ́, kò tilẹ̀ dé ojú ìgbẹ́jọ́ gan-an. Síbẹ̀ inú rẹ̀ la ti rí ìwà obìnrin yìí kedere, a sì rí ti àwọn tó dúró sẹ́nu ọ̀nà fún un.

Judy ni gbogbo ẹni tó mọ̀ ọ́n ń pè é, èmi náà á pè é bẹ́ẹ̀.

Ní New York nígbà náà, ìdánwò mẹ́ta ni ẹni tó bá fẹ́ kọ́ni nílé ìwé ìjọba gbọ́dọ̀ yege: èyí tí wọ́n ń kọ sílẹ̀, èyí tí wọ́n ń fẹnu dáhùn, àti àyẹ̀wò dókítà. Judy ti jáde ní Long Island University ní 1969. Ó kọ́ nípa bí a ṣe ń ran àwọn tí ọ̀rọ̀ sísọ ṣòro fún lọ́wọ́, ó sì fi ẹ̀kọ́ nípa ìkọ́ni kún un. Láti kékeré ni kò ti lè rìn. Kẹ̀kẹ́ arọ ló ń gùn. Àwọn ilé tí Ìgbìmọ̀ Ẹ̀kọ́ ìlú náà fi ìdánwò sí, àtẹ̀gùn ló wà lẹ́nu wọn, kò sì sí ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí kẹ̀kẹ́ lè gbà. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló gbé e gòkè, tí wọ́n tún gbé e sọ̀ kalẹ̀. Ó yege nínú ti kíkọ, ó yege nínú ti ẹnu. Ó wá ku ti dókítà.

Obìnrin ni dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ó bi í ní ìbéèrè nípa àìsàn rẹ̀ àti iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ti ṣe fún un, èyí kò burú. Àfi bó ṣe ní kí Judy fi han òun bó ṣe ń ṣe nígbà tó bá fẹ́ lọ sí ilé ìyàgbẹ́. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ: ọmọ ọdún méjìlélógún tó wá gba láísẹ́ńsì láti kọ́ ọmọ ní ìwé kíkà, wọ́n ní kó wá ṣe bó ṣe ń gbọnsẹ̀ lójú dókítà. Èsì Judy ni pé bí kò bá ṣe pé kíkọ́ àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń lo ilé ìyàgbẹ́ wà lára iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ gbé fún òun, òun kò rí ohun tó kan dókítà níbẹ̀. Òun mọ bí òun ṣe ń tọ́jú ara òun. Dókítà ò dẹ̀yìn. Wọ́n tún ní kó padà wá lọ́jọ́ mìíràn pẹ̀lú irin tí wọ́n ń dè mọ́ ẹsẹ̀ àti ọ̀pá tí wọ́n ń fi sí abíyá, kí wọ́n lè rí bó ṣe ń rìn.

Nígbà tí lẹ́tà dé, kò gùn. Wọn ò ní fún un ní láísẹ́ńsì, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tí àrùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ ti rọ. Ìdí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni pé bí iná bá ṣẹ́ yọ nílé ìwé, kò ní lè kó ara rẹ̀ jáde, ká má tíì sọ àwọn ọmọ.

Ẹ kíyè sí i pé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sí ẹni tó gbé e síwájú kíláàsì kan kó wo bó ṣe ń kọ́ni. Ìrìn ni wọ́n dán an wò. Kò sì sí ẹni tó ronú pé ilé tí wọ́n sọ pé kò ní lè jáde nínú rẹ̀, àwọn fúnra wọn ló kọ́ ọ lọ́nà tí kò fi lè wọlé.

Ọ̀rọ̀ iná yẹn kì í ṣe tuntun létí Judy. Ìgbà àkọ́kọ́ tó gbọ́ ọ, ọmọ ọdún márùn-ún ni.

Ọjọ́ 18 oṣù kejìlá ọdún 1947 ni wọ́n bí i ní Philadelphia, ṣùgbọ́n Brooklyn ló ti dàgbà. Ó pé oṣù méjìdínlógún nígbà tí àrùn náà mú un. Ọdún 1949 ni, abẹ́rẹ́ àjẹsára Salk kò sì jáde títí di 1955. Nígbà tó di ọmọ ọdún méjì, dókítà kan gba àwọn òbí rẹ̀ nímọ̀ràn pé kí wọ́n lọ fi í sí ilé ìtọ́jú, kí wọ́n máa bá ayé wọn lọ. Kò sí ohun tó ṣàjèjì nínú ìmọ̀ràn yẹn nígbà náà. Ọ̀pọ̀ ìdílé ló gbà á. Werner àti Ilse Heumann kò gbà. Júù láti Jámánì ni àwọn méjèèjì, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n rán wọn wá sí Amẹ́ríkà ní kékeré, àwọn ẹbí tí wọ́n fi sẹ́yìn sì kú sínú ìpakúpa ìjọba Hitler. Ìjọba yẹn kan náà, láti 1939, ló kó àwọn àkàndá ẹ̀dá jáde láti ilé ìtọ́jú lọ pa. Wọ́n ti pa ju 70,000 lọ nígbà tó fi máa di oṣù kẹjọ ọdún 1941. Ẹni tó bá mọ irú ìtàn yẹn nílé ara rẹ̀, bí dókítà bá ní kó mú ọmọ rẹ̀ lọ fi sí ibì kan, etí mìíràn ni yóò fi gbọ́ ọ.

Werner ṣí ìsọ̀ ẹran, Ilse dojú kọ ilé ìwé. Nígbà tí Judy tó ọmọ jẹ́léósinmi, ìyá rẹ̀ wọ̀ ọ́ láṣọ tuntun, ó tì í dé ilé ìwé àdúgbò. Ọ̀gá ilé ìwé ní kò lè wọlé: ewu iná ni ọmọ náà. Kẹ̀kẹ́ rẹ̀ á dí ọ̀nà bí iná bá ṣẹ́ yọ. Ilse mú un lọ sí ilé ìwé àwọn Júù kan. Ọ̀gá ibẹ̀ ní tí ọmọ náà bá lè gbọ́ èdè Hébérù, àwọn á gbà á. Ilse wá olùkọ́ fún un, ọmọ náà sì kọ́ ọ ní gbogbo ìgbà ọlidé. Nígbà tí wọ́n padà lọ, ọ̀gá yẹn yí ohùn padà. Mo máa ń ro ọmọ kékeré yẹn lọ́jọ́ náà, pẹ̀lú gbogbo Hébérù tó ti há sórí.

Bí ó ṣe di pé ìjọba ń rán olùkọ́ wá sílé nìyẹn, wákàtí méjì ààbọ̀ lọ́sẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan, kì í ṣe ọjọ́ kan. Bẹ́ẹ̀ ló lọ títí ó fi pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, tí wọ́n fi gbà á sí kíláàsì àwọn ọmọ tó ní ìpèníjà ara ní ilé ìwé P.S. 219. Àjà ilẹ̀ ni wọ́n kó wọn sí. Àwọn ọmọ tó lè rìn wà lókè. Láti ibẹ̀, ètò ìlú ni pé kí irú wọn padà sí ẹ̀kọ́ inú ilé bí wọ́n bá tó ilé ìwé girama. Ilse àti àwọn ìyá mìíràn ló ja ìyẹn títí tí Judy fi wọ Sheepshead Bay High School ní 1961.

Nítorí náà nígbà tí lẹ́tà ìgbìmọ̀ dé ní 1970, ọ̀rọ̀ àtijọ́ ló padà wá. Ó mọ ohùn rẹ̀.

Ó kọ́kọ́ lọ bá ẹgbẹ́ agbẹjọ́rò ACLU, nítorí àwọn ni gbogbo ènìyàn mọ̀ sí ajàfẹ́tọ̀ọ́. Wọ́n ní kì í ṣe ọ̀ràn ìyàsọ́tọ̀, ọ̀ràn ìlera ni: dókítà ló sọ bẹ́ẹ̀, dókítà ló mọ̀. Èsì yìí ya ènìyàn lẹ́nu lónìí, àmọ́ ó bá ìgbà mu. Òfin ẹ̀tọ́ aráàlú ti 1964 dárúkọ àwọ̀ ara, ẹ̀yà, ẹ̀sìn, ìlú àbínibí àti akọ tàbí abo. Kò dárúkọ àìlera. Bí agbanisíṣẹ́ bá kọ ẹnì kan nítorí kẹ̀kẹ́, kò sí òfin ìjọba àpapọ̀ kankan tó rú. Ohun tí gbogbo ayé gbà ni pé ẹni tí ara rẹ̀ kò pé, àánú ló tọ́ sí i. Ẹni tó bá ń béèrè ẹ̀tọ́ nínú wọn, aláìmoore ni.

Judy fi àáké kọ́rí. Ó bá akẹ́kọ̀ọ́ kan sọ̀rọ̀, tí òun náà ní ìpèníjà ara, tó sì ń kọ ìròyìn ránṣẹ́ sí The New York Times. Ìròyìn náà jáde, ó sì ràn. Ìwé ìròyìn kan fi ìpinnu ìgbìmọ̀ náà ṣe yẹ̀yẹ́ lójú ìwé pé rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ kò ní kó o má di ààrẹ, ṣùgbọ́n kò ní jẹ́ kó o di olùkọ́. Kò sẹ́ni tí kò mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí. Franklin Roosevelt, tí kò lè fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn mọ́ láti 1921, ló darí Amẹ́ríkà láti 1933 títí ó fi kú ní 1945. Òtítọ́ ni pé Roosevelt fi kẹ̀kẹ́ rẹ̀ pa mọ́, àwọn oníyàwòrán kì í sábà yà á síta, Judy sì gbé tirẹ̀ wá síwájú kámẹ́rà. Bóyá ìyẹn gan-an ló mú ìgbìmọ̀ náà bínú, èmi ò lè sọ.

Agbẹjọ́rò kan tó ń jẹ́ Roy Lucas wà lára àwọn tó dúró fún un. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1970, wọ́n pe ìgbìmọ̀ náà lẹ́jọ́ ní ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ ní Manhattan. Nígbà tí kò sí òfin tó dárúkọ irú Judy, òfin ìpìlẹ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n dì mú, pàápàá Àtúnṣe 14, tó ní kí ìjọba má fi òdodo àti ìdọ́gba du ẹnikẹ́ni. Ó gba láyà. Kò sí ipa ẹsẹ̀ tí wọ́n lè tọ̀.

Ibi tí orí ti bá a ṣe é ni adájọ́ tí ẹjọ́ náà bọ́ sí lọ́wọ́: Constance Baker Motley. Lọ́dún 1966 ni Ààrẹ Johnson yàn án, òun sì ni obìnrin dúdú àkọ́kọ́ tó di adájọ́ ìjọba àpapọ̀ ní Amẹ́ríkà. Kó tó dé àga yẹn, òun ló kọ ìwé ìpẹ̀jọ́ àkọ́kọ́ nínú Brown, ẹjọ́ tó fòpin sí kíkó ọmọ dúdú àti ọmọ funfun sí ilé ìwé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ní 1954. Òun ló sì ja ẹjọ́ James Meredith, akẹ́kọ̀ọ́ dúdú kan, títí ọkùnrin náà fi wọ Yunifásítì Mississippi ní 1962. Ó ti lo ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ní gbígbọ́ àwọn aṣojú ilé ìwé tó ń ṣàlàyé pé àwọn ò kórìíra ẹnikẹ́ni, pé ètò lásán ni, pé fún ire àwọn ọmọ náà ni. Àlàyé iná lè tuntun létí adájọ́ mìíràn. Létí Motley, mi ò rò bẹ́ẹ̀.

Kò pariwo. Ó jẹ́ kó yé ìgbìmọ̀ náà pé yóò dára kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò. Agbẹjọ́rò tó bá ti dúró níwájú adájọ́ rí mọ ohun tí irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀ túmọ̀ sí. Wọ́n tún pe Judy fún àyẹ̀wò, lọ́tẹ̀ yìí ó yege, ẹsẹ̀ kan náà, kẹ̀kẹ́ kan náà. Wọ́n parí ẹjọ́ nítùbí-ìnùbí, ó sì di ẹni àkọ́kọ́ tó ń gun kẹ̀kẹ́ arọ tó gba àṣẹ láti kọ́ni nílé ìwé ìjọba ní ìlú New York.

Láísẹ́ńsì wà lọ́wọ́, iṣẹ́ ò sí. Àwọn ọ̀gá ilé ìwé tó lọ bá kò fẹ́ gbà á. Kò sẹ́ni tó tún dárúkọ iná. Wọn ò kàn ní àyè. Ibi tó padà rí iṣẹ́ ni P.S. 219, ilé ìwé tó ti jókòó nínú àjà ilẹ̀ rẹ̀ ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ọdún mẹ́ta ló fi kọ́ni níbẹ̀, ó kọ́ àwọn ọmọ tó ní ìpèníjà ara, ó sì kọ́ àwọn tí kò ní.

Bí mo bá dá ìtàn dúró síbí, yóò dùn, ṣùgbọ́n kò ní pé. Ẹjọ́ tí wọ́n parí nítùbí-ìnùbí kì í fi ìdájọ́ ìkẹyìn sílẹ̀. Láísẹ́ńsì yẹn, ti Judy nìkan ni. Bí ẹlòmíràn tó ń gun kẹ̀kẹ́ bá lọ gba tirẹ̀ lọ́la, kò sí òfin tó lè nà sí wọn lójú. Ohun tí ẹjọ́ náà bí ní tòótọ́, inú àpótí lẹ́tà ló wà. Láti ìgbà tí ìròyìn ti jáde ni lẹ́tà ti ń rọ́ wọlé fún un, láti ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n ti lé kúrò níbi iṣẹ́, nílé ìwé, nínú ọkọ̀. Oníkálukú rò pé òun nìkan ni. Judy àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì dá ẹgbẹ́ Disabled in Action sílẹ̀ lọ́dún 1970 yẹn kan náà. Nígbà tí Ààrẹ Nixon kọ̀ láti buwọ́ lu òfin ìrànwọ́ fún àwọn àkàndá ẹ̀dá (Rehabilitation Act) ní 1972, àwọn ló lọ dí títì Madison Avenue pa láàárín iṣẹ́.

Òfin yẹn padà wọlé ní 1973, ìpínrọ̀ kékeré kan sì wà nínú rẹ̀, Abala 504: ilé iṣẹ́ tó bá ń gba owó ìjọba àpapọ̀ kò gbọdọ̀ ti àkàndá ẹ̀dá síta nítorí àìlera rẹ̀ nìkan. Bí ó bá ti wà ní 1970, lẹ́tà ìgbìmọ̀ yẹn ì bá ti bọ́ sínú wàhálà láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n òfin tí kò ní ìlànà bí wọ́n ṣe máa tẹ̀ lé e, bíi ọ̀bẹ tí kò lójú ni. Ìjọba Nixon ò buwọ́ lu ìlànà náà, ti Ford ò ṣe é, ti Carter náà bẹ̀rẹ̀ sí í fì í falẹ̀. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹrin ọdún 1977, àwọn àkàndá ẹ̀dá tó lé ní ọgọ́rùn-ún wọ ilé ìjọba ní San Francisco, Judy àti Kitty Cone ṣáájú, wọ́n sì jókòó síbẹ̀. Ìjọba gé tẹlifóònù. Àwọn adití dúró lójú fèrèsé, wọ́n ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀ fún àwọn tó wà níta. Àwọn Black Panther, ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú, ń gbé oúnjẹ gbígbóná wá. Oògùn tó nílò òtútù, wọ́n fi pálí àti gọ́ọ̀mù sára ẹ̀rọ amúlétutù láti tọ́jú rẹ̀. Ní ọjọ́ 28 oṣù náà, Joseph Califano, mínísítà ètò ìlera àti ẹ̀kọ́, buwọ́ lu ìlànà náà.

Láàárín ẹjọ́ 1970 àti ìjókòó 1977 yìí, nǹkan kan tún ṣẹlẹ̀ tí mi ò fẹ́ gbójú fò. Judy kúrò ní New York ní 1973 lọ kàwé sí i ní Berkeley, ó sì wá ṣiṣẹ́ fún ìgbìmọ̀ kan nílé aṣòfin àgbà ní Washington. Lọ́jọ́ kan ní 1975, ó ti jókòó sínú bàálù nígbà tí wọ́n ní kó sọ̀ kalẹ̀, torí kò mú ẹni tó máa tọ́jú rẹ̀ dání. Kò sọ̀. Wọ́n pe ọlọ́pàá. Ìgbà tí wọ́n mọ ibi tó ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n fi í sílẹ̀. Bàálù rọ́pò ilé ìwé, àwíjàre kò yí padà: àwọn ń bẹ̀rù ohun tó lè ṣẹlẹ̀ sí i.

Iṣẹ́ tó ń ṣe nílé aṣòfin nígbà náà ni òfin ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ tó ní ìpèníjà. Ààrẹ Ford buwọ́ lù ú ní ọjọ́ 29 oṣù kọkànlá ọdún 1975. Ó fi lélẹ̀ pé gbogbo ọmọ bẹ́ẹ̀ ló ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó bá a mu nílé ìwé ìjọba, láàárín àwọn ọmọ yòókù dé ibi tó bá ṣeé ṣe. Ọdún méjìdínlógún lẹ́yìn rẹ̀, ní 1993, Ààrẹ Clinton wá ẹni tí yóò jẹ́ igbákejì mínísítà lórí ẹ̀kọ́ àkàndá ẹ̀dá, ẹni tí ọ́fíìsì rẹ̀ á máa rí i pé òfin yẹn ń ṣiṣẹ́ láti ìlú dé ìlú. Ó yan Judy. Títí di 2001, bí ọ̀gá ilé ìwé kan níbikíbi ní Amẹ́ríkà bá dúró sẹ́nu ọ̀nà tó ní ewu iná ni ọmọ kan, ọ́fíìsì ọmọ tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́ sí ni ọ̀rọ̀ náà máa ń dé.